Kí Ẹ Tó Tú Tìráńsífà Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Àrùn Ọkọ̀ Fóò-Wíìlì

  

Ní ọdún kan, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ra kòkó káàkiri àwọn oko tó wà lágbègbè Oǹdó wa Hilux rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò tíì tó oṣù márùn-ún tó pààrọ̀ tìráńsífà ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá a pààrọ̀ rẹ̀ tún ti sọ fún un pé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i náà ti ń kú lọ, ọkùnrin yìí sì ti lọ ra òmíràn, tòkunbọ̀, ní ọjà Ládipọ̀ ní Èkó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló gbé e sí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi tàpólì wé e bí ìgbà téèyàn wé ọmọ tuntun. Ohun tó ń wá lọ́dọ̀ mi kò ju kí n bá a gbé e wọlé lọ. "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi so ó mọ́ ọn," ló wí, "kòkó àwọn èèyàn ń dúró dè mí lóko."

Mo bi í pé kí ló rí tó fi gbà pé tìráńsífà ló bàjẹ́. Ó ní ọkọ̀ ń pariwo lábẹ́, sítíárìn ń le bí òkúta tí òun bá fẹ́ yà, bí òun bá sì fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú fóò-wíìlì, lífà kì í gbọ́. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò mú sípánà kankan. Ṣọ́ọ̀kì kan àti okùn tín-ín-rín kan ni mo mú. Ohun tí mo fi wọ́n ṣe, ẹ ó gbọ́ láìpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í yé wa àfi tí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í, agbára ẹ́ńjìnnì ń gba inú gíábọ́ọ̀sì, ó ń bọ́ sí pùròpẹ́là kan ṣoṣo, ó sì ń dé dífù ẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀ fóò-wíìlì bíi Hilux, àpótí irin kan tún wà tí wọ́n so mọ́ ìdí gíábọ́ọ̀sì. Òun ni tìráńsífà. Ó dà bí ìyá tó jókòó ti ìkòkò kan, tó ń bu ọbẹ̀ fún ilé méjì: ó ń bu fún pùròpẹ́là ẹ̀yìn, ó sì ń bu fún ti iwájú nígbà tí awakọ̀ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ṣéènì kan tó fẹ̀ tó ìka méjì ló ń gbé agbára lọ síwájú. Nínú àwọn mìíràn, eyín gíà ló ń gbé e. Lẹ́tà tí ẹ máa ń rí lórí lífà tàbí bọ́tìnnì rẹ̀ kò ṣòroó kà. Ní 2H, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ní 4H, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, eré ọkọ̀ kò sì yí padà. Ní 4L, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni, ṣùgbọ́n eré á lọ sílẹ̀, agbára á pọ̀ sí i. Bí ó bá wà ní N, kò bu fún ilé kankan. Nígbà tí Hilux bá wà ní 4L, ohun tó ń ti inú gíábọ́ọ̀sì wọ tìráńsífà ní láti yí ju ìgbà méjì àti ààbọ̀ lọ kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó jẹ́ kó lè rọra fa ẹrù kòkó jáde nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ nìyẹn.

Orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wọn nílẹ̀ yìí, jíìpù, ojú ogun ló ti wá. Ní 1941 ni Willys bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Jeep fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tìráńsífà onígíà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Spicer 18 ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn bàbá wa tó lọ sí Ogun Bọ́mà mọ jíìpù dáadáa: àwọn ọmọ ogun Division 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló la ọ̀nà tí jíìpù lè gbà lórí òkè títí dé àfonífojì Kaladan. Land Rover dé ní 1948, Toyota sì gbé baba ńlá Land Cruiser jáde ní 1951. Iṣẹ́ tí àpótí yìí ń ṣe lábẹ́ wọn nígbà náà ló ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀ yín láàárọ̀ yìí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí mọ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí Hilux bá wà ní 2H, ẹsẹ̀ iwájú ń lọ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń lọ ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ti fi sí 4H, tìráńsífà ti dè wọ́n mọ́ra. Iye ìgbà tí pùròpẹ́là ẹ̀yìn bá yí ni ti iwájú gbọ́dọ̀ yí, kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé, kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan dín. Bí ọkọ̀ bá wá fẹ́ yí po ńkọ́? Láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, Hilux òde òní fi díẹ̀ ju mítà 3 lọ. Ká ní ẹ yí i po lójú kan, tí táyà ẹ̀yìn sì jìnnà sí àárín ibi tí ẹ ń yí yẹn ní mítà 5. Táyà ẹ̀yìn á rin nǹkan bíi mítà 31 kó tó padà síbi tó ti gbéra. Táyà iwájú, tó ń gba ọ̀nà ìta, á rin mítà 36 àti díẹ̀. Mítà 5 ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ tìráńsífà ti ní wọn kò gbọdọ̀ ju ara wọn lọ.

Lórí ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà kò rí ibi yọ̀ sí. Ìjà náà á wá bọ́ sára pùròpẹ́là, dífù àti ṣéènì inú tìráńsífà, wọ́n á lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀. Sítíárìn á le, ọkọ̀ á máa ta kìjí, lífà kò ní í fẹ́ kúrò lójú kan. Ẹni tí kò mọ èyí á ní tìráńsífà ti bàjẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹ rọra fi ríbáàsì padà sẹ́yìn lọ́ọ́rọ́ gangan fún bíi mítà mẹ́wàá, tàbí kí ẹ gbé ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ sórí erùpẹ̀, ẹ ó rí i pé lífà á bọ́ síbi tí ẹ fẹ́. Bí gbogbo àmì yẹn bá lọ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí erùpẹ̀, tí wọ́n sì padà dé nígbà tó gun ọ̀dà, ẹ má tú nǹkan kan. Ẹ kàn dá a padà sí 2H lórí ọ̀dà.

Kì í ṣe gbogbo jíìpù ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Range Rover láti 1970 tó ti jáde, àti ọ̀pọ̀ Land Cruiser àti Prado, ní dífù kékeré kan nínú tìráńsífà tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn yàtọ̀ síra nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Ìjà yẹn kì í sí nínú tiwọn àfi tí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì tó ń ti dífù àárín yẹn pa. Highlander àti RAV4 tó kún ojú títì wa kò ní 4L rárá. Ọ̀rọ̀ tiwọn ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníkòkó wa. Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára táyà iwájú kan àti táyà ẹ̀yìn kan, níbi tí wọ́n ti kan ilẹ̀ gan-an, mo sì fàlà sílẹ̀ lábẹ́ wọn. A ti ọkọ̀ náà síwájú lọ́ọ́rọ́. Nígbà tí ìlà ara táyà iwájú padà kan ilẹ̀, ti ẹ̀yìn kò tíì dé. Mo fi okùn wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Ti iwájú jẹ́ 265/65R17, ti ẹ̀yìn jẹ́ 265/70R17. Ríìmù kan náà ló gba méjèèjì, ojú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ra táyà ẹ̀yìn fún un kò ka nọ́ńbà àárín yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyàtọ̀ 65 àti 70 yẹn ń ṣe. Táyà iwájú ń rin nǹkan bíi mítà 2.44 tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ti ẹ̀yìn ń rin 2.52. Kí ọkọ̀ tó rin kìlómítà kan, ti iwájú ní láti yí ní nǹkan bí ìgbà 410, ti ẹ̀yìn bí ìgbà 397. Ìyàtọ̀ bí ìgbà 13 lórí kìlómítà kan, lójú ọ̀nà tó lọ tààrà tí kò sí ibi tí a ti yà rárá. Ní 2H, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti sọ fún ọkùnrin yìí pé tí òjò bá ń rọ̀, 4H ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ di ilẹ̀ mú, ó sì ń fi 4H sáré láti ìlú dé oko, láti oko dé ìlú, lórí ọ̀dà, òjò ì báà ti dá. Ohun tó pa tìráńsífà àkọ́kọ́ nìyẹn. Òun náà ló ń pa èkejì. Ká ní mo so èyí tó wà nínú tàpólì mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, ì bá pa ẹ̀kẹta.

Èyí ló fi jẹ́ pé táyà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó gbọ́ ìró kankan. Kí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ nọ́ńbà kan náà, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kí atẹ́gùn wọn pé, kí ó má sì jẹ́ pé méjì jẹ́ tuntun tí méjì ti pá lórí. Irú ìjà yìí náà ni dífù máa ń dá sílẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ dífù iwájú rẹ̀, tí wọn kò ka iye eyín: 4.1 níwájú, 3.9 lẹ́yìn. Kò sí tìráńsífà tó lè gbé irú ẹ̀ pẹ́. Nínú Toyota, àmì dífù tó bá ọkọ̀ jáde wà lára àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀. Kí ẹ tó ra dífù, ẹ kà á.

Lẹ́yìn táyà, ọ́ìlì. Tìráńsífà kì í gba ọ́ìlì púpọ̀. Lítà 1 sí 2 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ẹ́ńjìnnì ní iná pupa tó máa tàn bí ọ́ìlì rẹ̀ bá tán, ṣùgbọ́n tìráńsífà kì í sábà ní. Ó lè gbẹ ráúráú kí awakọ̀ má mọ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ajá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa wo ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ sùn. Bí ọ́ìlì tó kán sílẹ̀ lábẹ́ àárín ọkọ̀ bá pupa bíi zóbò, ọ́ìlì ATF ni, ó lè jẹ́ ti gíábọ́ọ̀sì ọlọ́tọmátíìkì tàbí ti tìráńsífà oníṣéènì. Bí ó bá ní àwọ̀ oyin, tí òórùn rẹ̀ sì gbóná sí imú, ọ́ìlì gíà ni. Síìlì ibi tí pùròpẹ́là ti jáde ló sábà máa ń jò, síìlì kò sì wọ́n tó tìráńsífà.

Ẹ má kàn pààrọ̀ síìlì kí ẹ máa lọ, o. Ẹ wá ihò tí tìráńsífà fi ń mí. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó máa ń gòkè lọ láti orí àpótí náà. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, tìráńsífà bá sì gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò ríbi gbà, á máa ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì jáde. Ẹ ó máa pààrọ̀ síìlì lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ páìpù tí ẹ lè fi wáyà gún kí ó là ló ń fa gbogbo rẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì méjì ló wà lára tìráńsífà. Ti òkè la fi ń bu ọ́ìlì sí i, ti ìsàlẹ̀ la fi ń dà á nù. Ti òkè ni kí ẹ máa kọ́kọ́ tú. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó da ọ́ìlì nù tán kó tó mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì òkè ti ta pọ̀ mọ́ ihò rẹ̀, tí kò tú mọ́. Ọkọ̀ oníbàárà sun ibẹ̀. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì ti kú, kí ó sì ti tutù. Tí ẹ bá tú ti òkè, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ihò náà, kí ìka yín lè kàn án láìwọlé jìnnà.

Bí ẹ bá tú u, tí ọ́ìlì sì ń ya jáde bí omi ẹ̀rọ, ẹ má ṣe rò pé ẹni tó bu ọ́ìlì sí i kẹ́yìn ló bù ú jù. Síìlì kan wà láàárín gíábọ́ọ̀sì àti tìráńsífà. Bí ó bá ti jẹ, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì á máa yọ́ wọ inú tìráńsífà. Tìráńsífà á kún àkúnya, gíábọ́ọ̀sì á máa gbẹ, kò sì ní í sí ẹ̀kán kan nílẹ̀ tí ẹ máa rí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì di èyí mú: oníbàárà tó ń ṣàròyé pé gíà ọlọ́tọmátíìkì rẹ̀ ń yọ̀, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì ń dín láìjò síta, ẹ tú púlọ́ọ̀gì tìráńsífà rẹ̀ wò kí ẹ tó sọ pé gíábọ́ọ̀sì ti kú.

Ọ́ìlì tí ẹ bá dà sínú abọ́, ẹ wò ó dáadáa, torí ó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí. Ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́nu. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá dúdú, tó kúnná bíi tìróò, ara irin ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, kò sí àìsàn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, bíárìn tàbí eyín gíà ti ń wó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rún irin tí ìka lè mú, ẹ má wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí ọ́ìlì náà bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba inú odò kékeré lọ sóko, àti ẹ̀yin ará Èkó tí àgbàrá máa ń bá lójú títì ní Lẹ́kí, ẹ gbọ́: tìráńsífà tó gbóná, tó bá já lu omi tútù lójijì, atẹ́gùn inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá ti gba inú omi tó bo ìdajì táyà, ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ wò. Bíárìn tó bá fi oṣù kan mu omi ti ń dípẹtà nìyẹn.

Irú ọ́ìlì ńkọ́? Ìwé ọkọ̀ yín ló ní àṣẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tìráńsífà oníṣéènì ń lo ATF, ọ̀pọ̀ ti Toyota ń lo ọ́ìlì gíà 75W-90. Ẹni tó bá bu ọ́ìlì tó nípọn sínú èyí tí wọ́n ní kó máa mu ATF ti dá a lẹ́kun èémí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Chevrolet Tahoe tàbí Suburban tòkunbọ̀ ti bí ọdún 2000 sókè, tiyín ní àrùn kan tó yàtọ̀. Nínú tìráńsífà tí wọ́n ń pè ní NP246, páǹpù ọ́ìlì inú rẹ̀ máa ń mì, á máa ha ògiri àpótí láti inú títí á fi lu ihò kékeré síbi òkè lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò ní í jò. Bí ó bá ń sáré, á máa fọ́n ọ́ìlì sábẹ́ ọkọ̀, nígbà mìíràn ẹ ó rí i lára gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kán nílẹ̀ kò ní í rí i láéláé.

Ó wá kan ìró. Ariwo ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá, òun náà ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lọ́nà. Ẹ wá ọ̀nà erùpẹ̀ tó dákẹ́, ẹ ti rédíò pa, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ wa ọkọ̀ ní 2H, lẹ́yìn náà ní 4H, lẹ́yìn náà ní 4L, ẹ fetí sí ibi tí ìró náà ti ń wọlé àti ibi tó ti ń jáde. Bí ó bá wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, tó sì ń ga sí i bí eré ọkọ̀ bá ṣe ń ga, bíárìn ẹ̀yìn tìráńsífà, pùròpẹ́là ẹ̀yìn tàbí dífù ẹ̀yìn ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ní 4H àti 4L nìkan, ìhà iwájú ni. Bí ó bá jẹ́ ní 4L nìkan, eyín gíà tó ń sọ eré di agbára ló ń sunkún.

Lẹ́yìn náà ẹ dúró. Ẹ fi òkúta tàbí igi sẹ́yìn àti síwájú táyà, ẹ fa háńbíréèkì, torí pé bí tìráńsífà bá wà ní N, ọkọ̀ lè yí lọ bí gíà rẹ̀ bá tilẹ̀ wà ní P. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo òkúta yẹn. Ẹ wá fi tìráńsífà sí N, kí ẹ fi gíà sí ipò ìrìn. Bí ìró náà bá ṣì ń dún nígbà tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, gíábọ́ọ̀sì tàbí bíárìn ẹnu ọ̀nà tìráńsífà ló ń dún.

Ṣéènì tó ti gùn jù ní ohùn tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní 4H, tí ẹ sì tẹ tọ́tùlù láti gun òkè pẹ̀lú ẹrù, á máa dún "gbà! gbà!" bí ẹni ń fi òòlù lu àpótí láti inú: ó ń fo eyín ni, tàbí ó ń lu ògiri. Láti mọ̀ ọ́n dájú, ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, kí ẹ fi igi gbé ọkọ̀ ró dáadáa, kí ti ẹ̀yìn wà nílẹ̀ pẹ̀lú òkúta lẹ́yìn wọn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi tìráńsífà sí 4H, ẹ wá fi ọwọ́ mú pùròpẹ́là iwájú, kí ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó yẹ kó dì. Bí ó bá ń mì púpọ̀ kó tó dúró, ṣéènì ti gùn. Bí ó bá ń yí gbirigbiri, yálà ṣéènì ti já ni, tàbí fọ́ọ̀kì inú tó ń ti gíà kò dé ibi tó yẹ kó dé.

Ìró "gbò" kan ṣoṣo tí ọkọ̀ máa ń dún nígbà tó bá ń gbéra kì í sábà jẹ́ ti tìráńsífà. Kọ́rọ́ọ̀sì pùròpẹ́là ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú, kí ẹ mì ín.

Lífà tó ń fò jáde ní 4L nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tùlù, fọ́ọ̀kì tó ti jẹ lè fà á. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí gíábọ́ọ̀sì jókòó lé, tó bá ti wó, lè fà á bákan náà, torí àpótí ń sún kúrò lábẹ́ lífà. Ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ìsopọ̀ lífà lábẹ́ ọkọ̀ náà lè máà jẹ́ kó dé ìparí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wo rọ́bà, ẹ tó wá ronú àtitú àpótí. Ẹ sì rántí pé a kì í fi ọkọ̀ tó ń sáré bọ́ sí 4L. Kí ó dúró, kí gíà wà ní N.

Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lo bọ́tìnnì, mọ́tò kékeré oníná kan lára tìráńsífà ló ń ṣe iṣẹ́ lífà. Bí iná 4WD bá ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò dúró, ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rí i ni rìwáyà. Ẹ tan ọkọ̀ láì ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì, kí ẹnìkejì fetí sábẹ́. Bí kò bá gbọ́ ìró mọ́tò náà rárá, ẹ wo fíúsì, ẹ wo agbára bátìrì, ẹ yọ ẹnu wáyà tó wọ inú rẹ̀ kí ẹ wò bóyá ó ti hu ewú. Bí mọ́tò bá ṣiṣẹ́, tí iná sì ń ṣẹ́jú síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ Toyota ẹ̀rọ kékeré kan tún wà lára dífù iwájú tó ní láti so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀. Òun ló lè má tíì dáhùn. Mo mọ ọkọ̀ tí wọ́n tú tìráńsífà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí wáyà kan tí eku jẹ.

Ohun tó ń pa mọ́tò yẹn jù ni kí ó má ṣiṣẹ́. Ìwé 4Runner tí Toyota ṣe sọ ọ́ pé kí ẹ máa fi fóò-wíìlì rìn ní kìlómítà 16, ó kéré tán, lóṣooṣù. Ẹ lọ ṣe é lórí ọ̀nà erùpẹ̀.

Bí tìráńsífà bá ti kú lóòótọ́, tí ẹ sì ń lọ sí Ládipọ̀, ẹ gbé ti àtijọ́ dání. Ẹ ka eyín ẹnu rẹ̀ mọ́ ti èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ fi ọwọ́ yí i: kó yí geere, kó má ha. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ fi ìka tọ́ ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀, ẹ wá tìróò, ìpẹ́ ẹja àti omi ògì níbẹ̀. Oníṣòwò tí kò bá jẹ́ kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Oníkòkó wa kò so tìráńsífà inú tàpólì yẹn. Ó ra táyà ẹ̀yìn méjì tó bá ti iwájú mu, a da ọ́ìlì, tìróò nìkan la rí lẹ́nu mágínẹ́ẹ̀tì, a bu tuntun sí i. Ẹni tó ta tòkunbọ̀ fún un gbà á padà, ó yọ díẹ̀ nínú owó. Èyí tí wọ́n ní ó ń kú lọ ló fi kó kòkó ọdún yẹn, òun náà ló fi kó ti ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ń bẹ̀ yín. Lọ́la, kí ẹ tó ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín, ẹ mú bébà kan àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àárín ọkọ̀, kí ẹ kọ àwọ̀ ohun tí ẹ bá rí nílẹ̀, tàbí kí ẹ kọ pé ilẹ̀ gbẹ. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ da ọ́ìlì tìráńsífà kẹ́yìn. Bí ẹ kò bá rántí, ẹ kọ pé ẹ kò rántí. Bébà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé mẹkáníìkì yín lọ́wọ́, kó kà á tán, kó tó mú sípánà.